Aago Òmùwẹ̀ Tí Ìdíátù Fẹ́

Aago ni Ìdíátù kọ́kọ́ rí. Ó wà nísàlẹ̀ abọ́ tánganran tí omi kún dé etí, lórí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá afárá Ìyànà Ìpájà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, irin rẹ̀ sì nípọn. Àwọn èèyàn yí abọ́ náà ká bí ẹni ń wòran idán.

Ìdíátù ò bá wọn wòran. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé aago náà jáde.

"Sístà, ọbẹ̀ kọ́ lẹ ń bù yẹn o!"

Ṣàfíù ló sọ̀rọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún aago ṣe níbẹ̀. Gíláàsì tó fi ń wo inú aago ṣì há sí i lójú kan.

"Ó mà wúwo o," ni Ìdíátù wí. "Èló ni?"

"Kì í ṣe títà. Ọ̀gá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́. Aago àwọn òmùwẹ̀ tó ń mòòkùn lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ni. Òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká yìí ni wọ́n máa ń yí, kí wọ́n lè mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti lò nísàlẹ̀. Aago ọkùnrin ni, sístà."

"Ṣé òun ló sọ fún yín pé ọkùnrin lòun ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ṣàfíù yọ gíláàsì ojú rẹ̀ kó lè rí obìnrin náà dáadáa.

Ọdún 1986 nìyẹn, nígbà tí Ìgàndó ṣì jẹ́ eruku pupa àti igbó. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ ni Ìdíátù ti ń kọ́ ọmọ. Aago márùn-ún ló ní nínú agolo bísíkíìtì: owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi ra ọ̀kan, ọ̀kan ti kú pátápátá, síbẹ̀ ó máa ń so ó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdí tó fi ń kó wọn jọ ò ṣòro. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni bàbá rẹ̀ ra aago fún.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá sídìí tábìlì Ṣàfíù. Á so aago náà mọ́wọ́, á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Ó ń pe Ṣàfíù ní Olójú-kan, Ṣàfíù ń fi oríkì pè é.

"Àṣàbí, aago yìí ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi láyé o."

"Èmi náà ò sì ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ṣàfíù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, ká kúkú jọ máa gbé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Báyìí ló ṣe ní kó fẹ́ òun.

Bàbá Ìdíátù, Alájì Gàníyù, káfíńtà ní Ìkọ̀tún, ò ní ìjà pẹ̀lú Ṣàfíù. Aago ló bá jà.

"Kí lobìnrin ń fi aago tó pọ̀ tó yẹn ṣe? Ṣé o fẹ́ máa ṣọ́ ìgbà tí ọkọ rẹ ń wọlé ni? Kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kó tó di ọjọ́ yìgì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíì fà ọ́ fọ́kọ!"

"Bàbá, owó iṣẹ́ mi ni mo fi rà wọ́n. N ò ní kó wọn fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó ròyìn fún Ṣàfíù, ọkùnrin náà họrí. "Gbà fún wọn jàre. Tá a bá ti délé wa, màá ra òmíì fún ọ."

"Ìwọ náà, Ṣàfíù?"

Ó dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Sátidé mẹ́ta kọjá, kò yọjú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ṣàfíù palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́, ó lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé Ìgàndó nínú oòrùn ọ̀sán.

"Ẹ̀rù bàbá rẹ ló bà mí," ló sọ kó tó kí i pàápàá. "Àṣìṣe ni mo ṣe. Tìrẹ ni wọ́n."

Ìdíátù wò ó títí. "Ẹ̀rù ò sì gbọdọ̀ bà ọ́ mọ́ o."

Ìyá Ìdíátù bẹ Alájì títí ó fi gbà kí yìgì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Alájì búra: Ìdíátù ò gbọdọ̀ so aago kankan wá, tí wọ́n bá sì ti parí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba agolo náà.

Ọwọ́ òfìfo ni Ìdíátù gbé wá lóòótọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ sọ̀dáàkì, ìyẹn ẹ̀bùn tí ìyàwó máa ń fẹnu ara rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ, Ààfáà Nùrẹ́nì kọjú sí i.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ gbà?"

Kùránì ni gbogbo èèyàn ń retí.

"Aago òmùwẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọkọ yẹn ni, Ààfáà."

Alájì Gàníyù fò dìde. "Èwo? Ìdérí ìkòkò yẹn? Láéláé!"

"Alájì, ẹ jókòó," ni Ààfáà wí. "Ohun tóbìnrin bá gbà ní sọ̀dáàkì, tirẹ̀ ni. Bàbá ò lè gbà á, ẹ̀gbọ́n ò lè gbà á, ọkọ fúnra rẹ̀ ò lè gbà á padà. Àfi tí ọkọ bá ní òun ò lè fi sílẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Ṣàfíù. Ìdíátù ò sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Alájì ń mirí sí i pé kó kọ̀. Ṣàfíù fọwọ́ kan aago tí ọ̀gá rẹ̀ fún un, ó sì tú u.

"Mo fi sílẹ̀ fún un," ló wí.

Ó so ó mọ́ Ìdíátù lọ́wọ́. Aago náà yọ̀ lọ dé ìgbọ̀nwọ́, Ìdíátù fi ọwọ́ kejì fà á padà, ó dì í mú.

"Ó wúwo jù fún ọ," ni bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti ń rọ̀.

"Ẹ jẹ́ ó wúwo, Bàbá. Àwọn márùn-ún tó wà nílé ń retí ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa wà."

Alájì lanu. Ṣùgbọ́n Ààfáà ti gbọ́wọ́ sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúà pé kí gbogbo ohun tó jẹ́ ti Ìdíátù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé sì ń ṣe àmín. Alájì wo òsì, ó wo ọ̀tún. Kò sí baba tó lè kọ àdúà fún ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Òun náà ṣe àmín.