Igi Tó Ṣíji Bo Iná Oòrùn

Òkú ni wọ́n bá lẹ́yìnkùlé Ọ̀gbẹ́ni Adéfọlárìn ní Bódìjà, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1996. Òkú Ọ̀gbẹ́ni Adéfọlárìn fúnra rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di àkàbà onírin mú. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti jó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì tutù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò dúró lókèèrè, wọ́n ń wo òrùlé, níbi tí páńẹ́ẹ̀lì iná oòrùn mẹ́rin tẹ́ sí, dúdú, bí ojú tí kì í ṣẹ́.

"Iná oòrùn ló pa á!"

Ẹnu gbogbo wọn kò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Kòfowórọlá tó dé, wọ́n ti lọ wọ́ Bọ́láwárìn, oníṣẹ́ iná tó gbé páńẹ́ẹ̀lì náà sórí ilé, wá láti Àgbowó. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa á.

"Ẹ gbé e sínú mọ́tò ọlọ́pàá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ obìnrin náà wí. "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ."

Ó jókòó tì í nínú mọ́tò. "Kí lo sọ fún olóògbé kó tó ra nǹkan yìí?"

"Màdáámù, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ pákó òrùlé wò, bóyá ó lè gbé e. Mo ní kí wọ́n má retí pé á gbé fíríìjì, gílóòbù kéékèèké ni. Mo ní igi máńgòrò ẹ̀yìn ògiri yẹn ń ṣíji bo òrùlé, oòrùn ò ní rí i dáadáa. Wọ́n ní kí n fi ti igi sílẹ̀ fáwọn."

"Bátìrì wo lo fi sí i?"

"Ti mọ́tò ni. Méjì."

Kòfowórọlá sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé lọ síbi tí bátìrì wà, ó fi ìka kan orí rẹ̀ méjèèjì. Fúnlọ́lá, opó olóògbé, figbe ta. Kò sí nǹkan tó ṣe é.

"Nẹ́pà ilé yìí ńkọ́, Màmá?"

"Ọkọ mi, Bàbá Mofẹ́olúwa, ti ní kí wọ́n gé e látọdún tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ Nẹ́pà."

"Ṣé Nẹ́pà wà ládùúgbò láàárọ̀?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo 'Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà' nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ké."

Ìnsípẹ́kítọ̀ padà sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin ẹsẹ̀ àkàbà jó níbi kékeré kan. Ó gbójú sókè. Lórí ògiri, láàárín àfọ́kù ìgò, awọ wáyà pupa há síbẹ̀. Lódìkejì ògiri, kùkùté igi máńgòrò ló wà, àti ilé Bàbá Àjàmú tó ni igi náà.

Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó Àjàmú, ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ má wo aṣọ mi tó rún, Màdáámù. Wọ́n ti gé orí wáyà àyọ́ọ̀nù mi. Eku ilé yìí ti ń fi ọ̀bẹ jẹun!"

"Ìwọ, panu mọ́!" Àjàmú ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ta ló gé igi yín?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Ẹ lọ bi òkú."

Kòfowórọlá yíjú sí àwọn ọlọ́pàá rẹ̀. "Ẹ mú ọkọ́ wá. Ẹ hú kùkùté yẹn, ká rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà."

Àjàmú sáré, ó dùbúlẹ̀ lé kùkùté náà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìwọ́ àwọn ọmọ mi ló wà níbẹ̀! Mo lọ sí Apẹ̀tẹ̀ ni Adéfọlárìn gé e. Kò bi mí ohun tó wà nídìí ẹ̀. Kò pẹ́, Ọmọ́fẹ́, ọmọ mi, sùn, kò jí mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Ohùn Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bátìrì mọ́tò kì í pa èèyàn. Àwọn mẹkáníìkì Ìwó Road ń fọwọ́ lásán dì í mú lójoojúmọ́. Nẹ́pà ló pa á, ilé rẹ̀ ò sì ní Nẹ́pà. Tiyín ló sún mọ́ àkàbà. Ẹ so orí wáyà àyọ́ọ̀nù mọ́ wáyà gígùn, ẹ ki orí náà bọ iná ilé yín, ẹ gba wáyà lórí ògiri, ẹ kọ́ ọ mọ́ irin àkàbà. Ẹ mọ̀ pé àràárọ̀ ló ń lọ nu eruku ọyẹ́ lórí páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá ń retí Nẹ́pà. Nígbà tó ṣubú, ẹ fa wáyà padà, ìgò bó o láwọ. Ẹ rò pé iná kan náà ni gbogbo iná, pé ti oòrùn la máa dá lẹ́bi."

"Ẹni tó ṣu lè gbàgbé," ni Àjàmú wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Bọ́láwárìn ńkọ́? Kí ló ṣu?"

Àjàmú dìde kúrò lórí kùkùté náà. Wọ́n mú un lọ sínú mọ́tò.

"Sọ̀ kalẹ̀, Bọ́láwárìn," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. " O ti bọ́. Máa lọ sílé."

Àwọn èrò ti sún mọ́ mọ́tò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó má bínú, pé èṣù ni. Bọ́láwárìn wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó lù ú láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló sún wọlé, ó jókòó ti Àjàmú.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín lọ."