Òórùn Yàrá Màmá

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ mú Màmá kúrò nínú ilé, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án kò ju òórùn lọ. Òórùn ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Bíi gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni, á jáde lójijì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, á gba iwájú yàrá Màmá wọ pálọ̀, nígbà tó bá sì yá, á pòórá bí ẹni pé kò wá rí. Màmá ti dàgbà. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan péré, ilé kò sì gbàgbé.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni olórí àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá àárín ìlú. Máparọ́ ni àwọn olè ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn tó bá ti mú ènìyàn. Ẹjọ́ tó ta kókó ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ilé ara rẹ̀ yìí há a lọ́fun. Ó ti ní kí àbúrò òun obìnrin wá mú Màmá sọ́dọ̀, àbúrò sì ti wà lọ́nà. Àmọ́ nígbà tó rí ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ sínú àpótí láìsọ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní òun á wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí mọ́tò tó dé.

Ó kọ́kọ́ pe púlọ́ńbà tó máa ń bá wọn tún páìpù ilé ṣe lórí fóònù.

"Ọ̀gá, gbogbo ìgbà tí mo wá, n kò gbóòórùn kankan," ni púlọ́ńbà wí. "Kòtò ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé yín kò kún, páìpù ìta kò sì jò."

"Má parọ́ o!"

"Ha, ọ̀gá, kí ni màá rí gbà nínú omi ìdọ̀tí tí màá fi parọ́?"

"Tí a bá kúkú fọ́ gbogbo ilẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀ ńkọ́?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọ̀gá mi."

Máparọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ó rò ó pé òkú ẹran kì í rùn lónìí kó má rùn lọ́la. Òórùn tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹnì kan ló ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà ní kíṣíìnì. "Dádì, ṣé èmi lọ̀daràn tòní ni?" ó bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dá mi lóhùn. Ìgbà wo ni òórùn yìí máa ń dé?"

"Ìgbà tí ẹ bá wà nílé ni. Lẹ́yìn oúnjẹ pàápàá. Ẹ á dìde pé ẹ ń lọ fọ ẹnu, kò ní pẹ́, òórùn á gba ilé."

"Tí mo bá rìnrìn àjò iṣẹ́ ńkọ́?"

Ìyàwó dá ọ̀bẹ dúró. "Ká má parọ́, n kò rántí pé mo gbọ́ ọ rí. Mo rò pé ara Màmá máa ń balẹ̀ tí ẹ kò bá sí nílé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Máparọ́ wọ egungun. Ó kọjá sí pálọ̀, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin nà gbalaja sí lórí àga.

"Dádì, ẹ̀yin gan-an kì í gbọ́ òórùn náà," ni ọmọ náà wí. "Gbogbo wa á ti di imú, ẹ̀yin á ṣì máa béèrè pé òórùn wo."

"Ọ̀fìnkìn ni," ni Máparọ́ dáhùn kíákíá. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ó kọjá níwájú yàrá ìyá rẹ̀. Màmá kò gbójú sókè. "Èéfín nìwà," ó ń sọ fún aṣọ tó ń ká, "bó pẹ́ títí, á rú síta." Máparọ́ rò pé ìyàwó òun ló ń bá wí. Kò dúró bi í léèrè.

Ohun tó máa ń ṣe tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú ló tún lọ ṣe. Ó wọ balùwẹ̀ kékeré tó fara ti yàrá Màmá, ó tilẹ̀kùn, ó tan fáànù ara ògiri tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, ó yọ sìgá nínú ìbọ̀sẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Lẹ́yìn tí ikọ́ sìgá pa bàbá rẹ̀ ló ti búra fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní fẹnu kàn án mọ́. Ìbúra náà kò ju oṣù díẹ̀ lọ. Sìgá yìí kan náà ló ti pa imú rẹ̀ kú.

Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbọn eérú sínú síǹkì, ló bá rí nǹkan. Èéfín tó sún mọ́ ihò síǹkì ń sá padà bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀. Ó pa fáànù, èéfín dúró jẹ́ẹ́. Ó tún un tàn, èéfín tún sá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Ọ́ọ̀sì rọ́bà tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ nígbà tí síǹkì dí ló rí, tó lọ tààrà wọlẹ̀. Páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tó yẹ kí omi dúró sínú rẹ̀ kó máa dínà èémí kòtò, òun ló yọ ọ́ jù nù, tó ń yangàn pé òun mọ iṣẹ́. Kò sì sọ fún púlọ́ńbà.

Hóònù mọ́tò dún níta. Máparọ́ ronú pé òun lè ra páìpù tuntun lọ́la, kí òun tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òórùn á lọ. Gbogbo ayé á sì sọ pé ẹ ò rí i, Màmá lọ, òórùn bá a lọ. Ó ju sìgá nù, ó jáde.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín," ó wí ní pálọ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gbé àpótí Màmá dání. "Mo ti mú ọ̀daràn náà."

"Bùrọ̀dá, ta ni?"

"Èmi ni." Ó ṣàlàyé bí fáànù ṣe ń fa èémí kòtò gba ihò tí òun dá sílẹ̀, tó ń tú sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí òun bá ṣílẹ̀kùn, àti ìdí tí òórùn kì í fi í wá tí òun kò bá sí nílé. "Èmi nìkan ni mo máa ń tan fáànù yẹn. Sìgá ni mò ń mu níbẹ̀."

"Sìgá?" Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Lẹ́yìn ohun tójú wa rí lórí àìsàn Bàbá?"

Màmá ló sọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀. Fèrèsé yàrá mi ni èéfín tí fáànù ń fẹ́ síta ń gbà wọlé. N kò fẹ́ tú ilé rẹ ká ni mo ṣe dákẹ́."

"Màmá, ẹ ì bá ti sọ fún mi!"

"O bi púlọ́ńbà. O bi ìyàwó rẹ, o bi ọmọ rẹ. Èmi tí ẹ fẹ̀sùn kàn, ta ló bi mí? Ọjọ́ tí o wá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń wò ọ́ lójú pé wàá sọ nǹkan. O tẹ́ ẹ tán, o jáde."

Máparọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ má lọ mọ́."

"Mo ti dárí jì ọ́." Màmá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì yíjú sí àbúrò Máparọ́. "Gbé àpótí, ká máa lọ. Tí mo bá dúró, ojú mi lẹ ó máa wò nígbàkígbà tí nǹkan bá rùn."

Máparọ́ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó fẹ́ bi í pé ìgbà wo ló máa padà wá, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu bi í.