Àpò Àlòkù Tí Sàídátù Kò Ṣà

"Sàídátù, ṣé o ti ṣa àpò yẹn tán?"

"Mo ti ṣà á tán, Bàbá."

Irọ́ funfun báláú ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kan àpò náà. Bùràímọ̀, bàbá rẹ̀, ló máa ń yọ́ àlòkù alumíníọ́mù ní Ìlobùú, tí á dà á sínú iyanrìn, tí á sì di ìkòkò. Iṣẹ́ Sàídátù ni kó yọ ohunkóhun tó bá ní òjé, pàápàá àwókù bátìrì ọkọ̀, kúrò kí iná tó kàn án. Ṣùgbọ́n Peace ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é lóde pé àwọn ẹgbẹ́ ti ń ya fọ́tò, ọmọge kò sì fẹ́ kí fọ́tò kọjá òun.

Ìkòkò mẹ́fà ni Bùràímọ̀ fi àlòkù inú àpò náà ṣe lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Adérónkẹ́, abiyamọ kan láti Ìfọ́n, wá ra ọ̀kan tí yóò máa fi se ògì ọmọ rẹ̀.

"Àwọn ará ilé mi ní kí ni mo ń wá dé Ìlobùú," ló wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ní ọwọ́ Bàbá Sàídátù mọ́."

Sàídátù kúnlẹ̀ gbé ìkòkò náà fún un. Kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé, ó sáré wọlé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Sàídátù kò rìn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Olùkọ́ wọn ló sọ ọ́ ní kíláàsì pé ohun tí wọ́n bá yọ́ mọ́ alumíníọ́mù ló lè sọ ìkòkò di ewu, pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sàídátù délé, ó jẹ́wọ́.

Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó gbé òòlù, ó fọ́ ìkòkò márùn-ún tó kù. "Fa híjáàbù rẹ wọ̀. Ó di Ìfọ́n."

Wọ́n bá ògì lórí iná, nínú ìkòkò náà gan-an. Kí Sàídátù tó lanu, bàbá rẹ̀ ti ṣí fìlà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó tó bí lọ́mọ. Àwọn aládùúgbò ń wò.

"Áà, Bàbá, ẹ dìde! Kí ló dé?"

"Ìkòkò tí mo tà fún yín kò mọ́, òjé lè wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Ó ṣe Sàídátù bíi kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. "Kì í ṣe Bàbá, Àǹtí. Èmi ni mo parọ́ pé mo ti ṣa àlòkù."

Adérónkẹ́ da ògì náà nù, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà," ló wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá sọ. Ṣùgbọ́n n ò tún lè ra ìkòkò yín mọ́, Bàbá."

Bùràímọ̀ dìde, ó mi orí pé ó yé òun, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ nù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fi irọ́ bo iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe. Ẹni tó ń parọ́ kì í mọ ẹni tí yóò bá òun dọ̀bálẹ̀.