Èlùbọ́ Taofeek

Ẹni tó bá pe èyí ní irọ́, kó wọkọ̀ wá sí Ọ̀fà, kó béèrè ilé Akínwándé tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Síkéèlì tó fi wọn àpótí rẹ̀ ṣì wà lórí fáráńdà. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni. Lọ́la ni Akínwándé máa lọ sí Èkó, kó tó wọ báálù lọ sí Ṣìkágò, lọ́dọ̀ Hadassah ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún méjì ló fi lé físà. Àpótí kan péré ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbà, kílò mẹ́tàlélógún. Ó ti wọ̀n ọ́n: mẹ́tàlélógún gẹ́lẹ́.

Láti àárọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ẹrù wá fún àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun: irú, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ dúdú. Ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í kọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Akínwándé náà ò kọ̀. Á gbà á, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá ti yíjú padà, á gba ẹ̀yìnkùlé, á jù ú sórí ààtàn.

"Ará oko," ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n rò pé ebi ń pa Amẹ́ríkà."

Asiata, ìyá arúgbó ilé kejì, ló dé gbẹ̀yìn. Èlùbọ́ kílò mẹ́ta ló mú wá nínú ọ̀rá dúdú, ó so ó ní kókó mẹ́ta. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Bàbá Hadassah, ẹ bá mi fún Taofeek."

Ọdún mẹ́fà ni Taofeek ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Ṣìkágò. Láti ọdún kejì, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ilé wo ló ń gbé níbẹ̀, Ìyá?"

"Mi ò mọ̀."

"Fóònù ńkọ́?"

"Kò sí."

Akínwándé yọ ṣùtì. "Ṣìkágò kì í ṣe Ẹ̀rìn-Ilé tó wà nítòsí yìí o. Ṣé kí n dúró ní gáréèjì kí n máa ké 'Taofeek o' ni?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn mú orí Akínwándé wú. "Ó dáa. Ẹ sọ fún un kó wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà Hadassah."

Asiata ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀ títí.

"Màá sọ fún un."

Ó lọ. Akínwándé ju ọ̀rá náà sórí ààtàn. Ewúrẹ́ kan sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra ń fẹ̀yìn rìn.

Nígbà tó tún gbé àpótí lé síkéèlì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kà.

"Ta ló fi nǹkan sínú ẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ fi í síbẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ó yọ bàtà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó yọ aṣọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan fìlà ọmọ tuntun. Ìka kan ló fi gbé àpótí òfìfo náà. Ó fúyẹ́. Ó gbé e padà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ayédèrú síkéèlì," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kú. Gbogbo ibi pa rọ́rọ́. Nísàlẹ̀ inú àpótí, ó rí ìyẹ̀fun díẹ̀.

Fóònù dún. Hadassah ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

"Dádì, ṣé ẹ rán ẹnì kan sí wa ni?"

"Rárá. Kí ló dé?"

"Ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá ló ń sọ. Ó ní òun wá gba èlùbọ́ òun."

Akínwándé yíjú sí ìyẹ̀fun inú àpótí.

"Kò wọ bàtà, Dádì. Yìnyín bo gbogbo ìta, mi ò sì rí ipa ẹsẹ̀ kankan."

Ó sáré lọ sí ààtàn, fóònù létí. Irú wà níbẹ̀. Ẹja wà níbẹ̀. Ọ̀rá dúdú náà wà níbẹ̀, kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tú, kò sì ya níbì kankan. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nínú fóònù, ó gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Ọmọ tuntun ké. Lójijì, ó dákẹ́.

"Dádì, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun wá. Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn?"

Asiata dúró lójú fèrèsé ilé kejì, ó ń wò ó, ó ń retí ohun tó máa sọ.

Akínwándé lanu.