Ohun Tó Wà Lábẹ́ Funfun

Ọ̀sán gangan ni obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti jókòó kó tó rántí pé òun kò tíì kí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àárẹ̀ ló fà á. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí àkàsọ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ẹ káàsán, sà," ló wá sọ. "Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán."

Atẹ̀wé gbójú sókè. Ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí pé láti òwúrọ̀ ló ti ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tó ọdún mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà náà, kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa tètè lọ sílé.

"Ẹ padà wá lọ́la, màdáàmù. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó ti rẹ èmi náà," ni obìnrin náà dáhùn. "Bí mo bá fi dìde níbi tí mo jókòó sí yìí, mi ò ní padà wá mọ́. Mo mọ ara mi."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga kan sún mọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti orin, kó wá ibòmíràn lọ. Àárẹ̀ ló pàdé àárẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí ò mọ àwòrán yà o. Ọmọ Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bàbá rẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú pátákó tó wà níbẹ̀ kí ọwọ́ bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ọmọ gba búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì báyìí, kò lọ́kọ, ó sì dá a lójú pé èjìká òun ò lè bá àkàsọ̀ ṣe ju ọdún kan lọ mọ́. Àwọn oníbàárà pàápàá ti ń béèrè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó kúkú lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn. Ó di máòsì mú bí ẹni di búrọ́ọ̀ṣì mú, gbogbo ilà tó bá fà ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó.

"Ẹ má fún un lọ́rùn," ni atẹ̀wé máa ń sọ. "Kò ní sá lọ."

"Ó ti sá lọ kẹ̀! Ṣé ẹ ò rí ibi tí ilà yìí gbà ni?"

Atẹ̀wé mú un mọ àwọn irinṣẹ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ojú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsùlù ń fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ń fa èyí tó rọ̀, a sì lè mú un tóbi tàbí kéré bó ṣe wù wá. Garawa ń da àwọ̀ kún inú ohun tí a bá ti fa ilà yí ká. Obìnrin náà fẹ́ràn garawa gan-an, títí di ọjọ́ tó fi àlàfo bín-íntín sílẹ̀ lára ilà kan tí ọ̀dà sì ya bo gbogbo ojú ìwé.

"Yéè! Mo ti ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́!"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́." Atẹ̀wé na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ọ̀dà sì padà wọlé.

Obìnrin náà la ẹnu. "Kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Èyí tó máa ń dá ohun tá a ṣe padà ni."

Ó tẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, títí ojú ìwé fi funfun bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. "Ibo lẹ gbé èyí sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún?"

"Bí mo bá mọ ibi tó wà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni," ni atẹ̀wé dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "èmi náà ì bá ti tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àánú ọkùnrin yìí ṣe é. Kò mọ̀ nígbà yẹn pé àánú nìkan kọ́.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ náà, gègé ló le jù. Gègé kì í fa ilà bí ọmọ ènìyàn: a ó gbin àmì síbí, a ó gbin òmíràn sọ́hùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò so wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ilà náà tẹ̀, a ó di àmì mú, a ó fà á. Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ tó gbọ́ràn, obìnrin náà fi àmì mẹ́fà péré ya lẹ́tà S kan tó jókòó pẹ̀sẹ̀. Atẹ̀wé, tó jẹ́ pé lẹ́tà tí wọ́n ti ṣe sínú kọ̀ǹpútà ló ń lò láti ọjọ́ yìí wá, dìde dúró kó lè rí i dáadáa.

"Mi ò rí S tó dúró báyìí rí. Láti òní lọ, ọ̀gá ni mo máa pè yín."

"Tíṣà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́, ọ̀gá mi."

Inú rẹ̀ dùn délé lọ́jọ́ náà, ara tó ti rẹ̀ ẹ́ kò sì jẹ́ kó rántí fi ayọ̀ náà pa mọ́. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún kí gbígbọ̀n má baà hàn.

"Ọ̀dà ò rùn lára ẹ mọ́," ni bàbá wí. "Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ṣàkíyèsí. Níbo lo ń lọ?"

Kò purọ́. Bó ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ojú bàbá yí padà. Pátákó ilé ìwòsàn tó wà níkòríta, ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá fi ń tún un kùn, ọdọọdún ni. Lọ́jọ́ kan ló kọjá níbẹ̀ tó rí i pé ike tí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé yìí fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ sọ fún un.

"Ọkùnrin tó yọ pátákó mi sọ nù lo lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o."

"Bàbá, èjìká mi ń dùn mí."

"Ó dun èmi náà," ni bàbá wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Síbẹ̀síbẹ̀, obìnrin náà kò yéé lọ. Kò pẹ́ tí atẹ̀wé fi gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́: bánà tí aránṣọ kan fẹ́ gbé kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Atẹ̀wé fi búlúù tí oníbàárà fẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà nínú kọ̀ǹpútà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ti rẹ òun náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àbàwọ́n funfun ló wà káàkiri bánà náà. Ńlá, kékeré, bí ẹni fi ẹfun nu ọwọ́ lára rẹ̀.

Ó yé atẹ̀wé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọ pátákó kì í pa àṣìṣe rẹ́. Ó máa ń fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ bò ó ni. Gbogbo ibi tí Ọmọ Ọlọ́dà ti ṣìṣe, búrọ́ọ̀ṣì funfun ló fi bò ó, ó sì dà bíi pé ó ti lọ, nítorí pé funfun ni ojú ìwé. Lórí búlúù ni àṣírí ti tú.

Atẹ̀wé ṣí àwòrán náà padà kó lè tún un ṣe. Orí ìpele ọ̀tọ̀ lobìnrin náà kó gbogbo funfun sí, bíi bébà tí a tẹ́ sórí bébà. Atẹ̀wé pa ìpele náà mọ́, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì hàn. Ilà wíwọ́ pọ̀ níbẹ̀, lẹ́tà tó wó pọ̀ níbẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀, ojú ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà mẹ́rin, ojú tó wú, tó rẹ̀, tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí obìnrin náà dé, bánà tó bàjẹ́ ti wà ní kíká lórí ilẹ̀. Ó rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má sunkún. Funfun náà àwọ̀ ni, kì í ṣe òfo. Èmi ni mi ò kọ́ yín." Atẹ̀wé na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Mo rí ara mi níbẹ̀."

Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. "Mo kàn ń fi dán gègé wò ni."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Ẹ tún wá mú imú mi tóbi."

"Bí imú yín ṣe tóbi nìyẹn."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọkùnrin náà sọ pé, "Kò sẹ́ni tó wò mí dáadáa láti ọdún mẹ́fà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọ̀gá mi. Ó ti sú mi láti máa dá lọ sílé."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín," ló dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ bàbá mi."

Bàbá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Bó o bá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n má pè mí síbẹ̀."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Odidi oṣù kan ni obìnrin náà kò dé ṣọ́ọ̀bù. Ó padà sórí àkàsọ̀. Kò lè fẹ́ ọkọ nígbà tí bàbá tó tọ́ ọ dàgbà bá dá jókòó sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sì lè gbàgbé Tíṣà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, atẹ̀wé wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kó dìde.

"Ìwọ lo yọ pátákó mi?"

"Èmi ni, sà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo sì tú ìdè rẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo padà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́." Ó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. "Mo wo etí rẹ̀ kí n tó gbé e sílẹ̀. Ọ̀dà ti dì léra wọn níbẹ̀. Mo ka ìpele rẹ̀, mẹ́rìndínlógún."

Bàbá gbé orí sókè. "Mẹ́tàdínlógún ni," ló wá wí. "Èyí tó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, funfun ni. Kì í hàn." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú. Ẹ lọ ṣe é."

Ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn wí pé, "Bàbá, mi ò fẹ́ 'bẹ́ẹ̀ ni' tó jẹ́ pé àárẹ̀ ló sọ ọ́."

"Kí lo tún ń fẹ́?"

"Kí ẹ wá."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bó o bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́tà? Ta ló kù tó mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n, sà," ni atẹ̀wé wí. "Mo fẹ́ gbọ́."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí, ó sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ bu ọwọ́ lùwé fún ìdílé tiwọn. Àga ẹni tí yóò bu ọwọ́ lùwé fún ìdílé ìyàwó ṣófo. Akọ̀wé wo aago lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó ń fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló kọ lẹ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín?" ló bi akọ̀wé. "Wọ́n há mọ́ra wọn bí ẹni ń sá fún òjò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máà mọ̀ pé ibí ni."

Ìyàwó dìde, ó dì mọ́ ọn, ó sì sunkún sí i léjìká. "Ó tó," ni bàbá ń wí, "ó tó, ọmọ mi. Ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú."

Akọ̀wé rí bí ọwọ́ bàbá ṣe ń gbọ̀n. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé íǹkì wá, kẹ́ ẹ kàn tẹ ìka."

"Lẹ́tà kíkọ niṣẹ́ mi. Gbé bírò wá."

Bírò kan ìwé, ìwé sì ń sá kiri lórí tábìlì. Ọkọ ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìwé lórí, ó dì í mọ́lẹ̀.

"Ẹ rọra, Bàbá. A ò kánjú."

Lẹ́tà kìíní pẹ́. Èkejì pẹ́ jù ú lọ. Níta, àwọn tó ń dúró de tiwọn ti ń kùn, ẹnì kan pòṣé. Bàbá kọ ẹ̀kẹta, ó dáwọ́ dúró, ó nu òógùn ojú.

"Má gbé ọwọ́ ẹ kúrò o."

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹrin.