Fóòmù Tí Kì Í Rì

Bí ẹ bá gba àdúgbò wa ní Múṣin kọjá ní Sátidé, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fíìmù. Ó wù wá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó di ọjọ́ ọ̀fọ̀.

Muadh ni akọni fíìmù ọjọ́ náà. Ó ti gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, kó dìde, kó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, kó sì máa lọ. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Taoheed, tó ń ṣe àga onífóòmù nísàlẹ̀ ilé náà, ti tẹ́ fóòmù tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dè é.

"Bẹ́ jàre!" ni Taoheed ń pariwo. "Fóòmù mi kì í rì! Jókòó lé e fún ọdún mẹ́wàá, kò ní rì!"

Ohun tó fi ń polówó ọjà fún oníbàárà ló ń sọ. Kò mọ̀ pé ìpolówó yẹn lè pa àbúrò òun.

Ọlọ́run ló ní kí Àǹtí Ethel, olùkọ́ físíìsì láti Yábàá, wá gba àga rẹ̀ lásìkò náà.

"Muadh, má bẹ́ o!"

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. No shaking!"

"Ju wọtamẹ́lọ̀nù sílẹ̀ ná."

Méjì ni wọ́n rà fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n gbé ọ̀kan fún Muadh, ó jù ú sórí fóòmù líle náà. Gbàgà! Ó fọ́ yángá, omi pupa ta sí Taoheed lójú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àǹtí ní kí wọ́n da àpò àjákù fóòmù tí Taoheed fi ń kún ìrọ̀rí jọ, títí ó fi ga dé àyà èèyàn. Muadh ju ìkejì. Ó rì wọlé pátápátá. Nígbà tí wọ́n wú u jáde, kò là rárá.

"Ẹni tó ń já bọ̀ ní eré lára," ni Àǹtí wí. "Bí eré yẹn ṣe dúró lójijì ló ń pa á. Bí wọ́n bá ju ọsàn sí ẹ látòkè, ṣé o kì í jẹ́ kí ọwọ́ bá a lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni? Ohun tó ń rì máa ń gba eré náà díẹ̀díẹ̀. Taoheed, àìrì fóòmù ẹ gan-an ni wàhálà."

"Akọni inú fíìmù tó ń gba ọmọge tó ń já bọ̀ mú kó tó kanlẹ̀ ńkọ́?" ni Muadh bi í.

"Apá líle, ilẹ̀ líle, kí ni ìyàtọ̀? Egungun ọmọ ọlọ́mọ á kán ni."

"Ṣé kí n wá bẹ́ sórí àjákù?"

"Rárá o! Wọtamẹ́lọ̀nù ò ní ọrùn. Ìwọ ní."

Ni Taoheed bá fi aṣọ àti àjákù fóòmù rán ọmọláńgidi kan tó tó èèyàn, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì Muadh fún un, wọ́n sì jù ú látòkè. Muadh fúnra rẹ̀ bẹ́ látorí àpótí ìjókòó, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀ nínú fíìmù.

Nígbà tí ìyá wọn, Àmúdàtù, wò ó, ó figbe ta: "Yéè! Wọ́n ti pa Muadh fún mi!" Muadh sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ wọtamẹ́lọ̀nù! Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n gbé Taoheed sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ, inú wa sì dùn dọ́ba.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bẹ́ látòkè nítorí fíìmù. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ́, ohun tó ń gbà wọ́n là sì wà nísàlẹ̀ níbi tí kámẹ́rà kò dé. Bí ẹnìkan bá já látòkè, ẹ má fà á dìde. Ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Fíìmù tó bá bàjẹ́, a lè tún un yà. Ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá kán, ta ló fẹ́ tún un yà?