Ta Ló Ń Gbá Ilẹ̀ Àǹtí Hameedat?

Mi ò ní búra. Ẹni tó bá ń búra jù, irọ́ ló fẹ́ pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ilẹ̀ tó sì ti ṣẹlẹ̀ kò sá lọ síbì kankan. Tí ẹ bá kọjá Ajah, tí ẹ gba ọ̀nà èbúté ńlá Lekki lọ, tí ẹ sì yà sápá òkun kí ẹ tó dé ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí, ẹ óò rí i. Ẹ má kàn lọ síbẹ̀ ní ìdájí.

Fọláránmi lorúkọ mi. Katakata ni mo ń wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wà á, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà, èmi náà ti dàgbà, àwa méjèèjì la jọ ń wúkọ́ láràárọ̀. Sítátà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Orí òkìtì iyanrìn ni mo máa ń gbé e sí, kó lè yí wálẹ̀ kó tó jí. Irin ìtúlẹ̀ tó ń fà lẹ́yìn ti jẹ létí bí eyín arúgbó. Iṣẹ́ wa ò sì pọ̀ mọ́. Ta ló ń dáko ní Lekki? Ilé ni wọ́n ń gbìn.

Àǹtí Hameedat ló pè mí lórí fóònù. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Ìdílé bàbá wọn ló ni gbogbo apá ibẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì ti tà á, tà á, títí tó fi ku bí aṣọ ìnujú. Àǹtí fúnra wọn, ayálégbé ni wọ́n ní Abraham Adésànyà Estate. Ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ilé onílé.

Ìpàdé ẹbí ti fẹnu kò. Ní Sátidé, àwọn àgbà ń bọ̀ wá wo ohun tó kù. Ilẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ṣì jẹ́ igbó, àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì ni wọ́n máa tà á fún. Èyí tí oko bá wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

"Bọ̀ọ̀dá Fọlá, ẹ bá mi tú tèmi," Àǹtí wí. "Ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ gbìn sí i."

"Ṣé ẹnì kan ti gbé ibẹ̀ rí?"

"Rárá o. Bàbá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Igbó ni látilẹ̀wá."

"Sàréè ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Òun nìkan ló kù fún mi láyé yìí. Mi ò fẹ́ kú sínú ilé lánlọ́ọ̀dù."

Ohùn wọn ṣe mí láàánú. Mo ní mo ń bọ̀.

Ilẹ̀ náà kò tóbi. Koríko ló bò ó, pẹ̀lú àgbọn mélòó kan tó ti gbó lẹ́bàá rẹ̀. Mo gbé katakata sí ẹnu ilẹ̀, mo sì ṣe ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ṣe. Kí irin tó wọ ilẹ̀ tuntun, a máa ń kágò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn nínú igbó, tí a ò bá sì ti gbọ́ ìdáhùn, a wọlé nìyẹn.

"Àgò onílé o," mo wí.

"Àgò yà o."

Ohùn obìnrin ni. Ohùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Àǹtí Hameedat wà lẹ́yìn mi nídìí àgbọn, mo sì rò pé àwọn ni wọ́n ń bá mi ṣeré. Mo sọ irin sílẹ̀, mo wọlé.

Iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ apá ibẹ̀ títí dé òkun. Ṣùgbọ́n bí irin ṣe wọ abẹ́ koríko, mo gbọ́ tó ń ha nǹkan líle. Mo bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ pupa ló ń tú jáde. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tó ki, tó ń dán, bíi ti ìta ilé ẹni. Mo ń lọ. Kí ni ǹ bá ṣe? Nígbà tó yá, mo ń gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan. Kò sí ilé nítòsí. Afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ti tú gbogbo rẹ̀. Ebè tò lọ rẹrẹ. Àǹtí wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi sùn síbẹ̀, lábẹ́ katakata, nítorí àwọn tó ń jí irin tà.

Ìró kan ló jí mi ní ìdájí. Ẹnì kan ń gbálẹ̀.

Ṣàá. Ṣàá. Ṣàá.

Kò yára. Ó ń gbá a bí obìnrin tó ti ń gbá ibì kan náà láti kékeré, tó sì ti sú u. Yóò gbá, yóò dúró, bí ẹni tó na ẹ̀yìn. Yóò tún gbá. Òkùnkùn ṣì ṣú, mi ò rí nǹkan kan. Òkun tó ń hó lánàá ti dákẹ́. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí, a kì í fojú di irú nǹkan báyìí. Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀ lákàsórí. Mo kà á tán, ó ṣì ń gbá. Mo tún un kà. Ìró náà ń súnmọ́ mi, ó dé ẹ̀gbẹ́ táyà, ó yí mi po, ó sì kọjá. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, kò pẹ́ tí oorun fi tún gbé mi lọ. Bó ṣe rẹ̀ mí tó nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ebè kankan mọ́. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ojú ọwọ̀ wà lórí gbogbo rẹ̀, ìlà wínníwínní tó tẹ̀ kọrọdọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ojú ẹsẹ̀ ènìyàn ò sí níbẹ̀. Abẹ́ katakata nìkan, ibi tí mo sùn sí, ni wọn ò gbá.

Àǹtí dé, wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀.

"Lánàá, nígbà tí mo kágò," mo wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn?"

"Èmi kọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń dá ara yín lóhùn."

"Àǹtí, ẹni tí wọ́n bá ti dá lóhùn ti di àlejò. Àlejò kì í hú ilẹ̀ onílé."

Wọ́n wo ilẹ̀ náà pẹ́. Omi lé sójú wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ nù ún kíá.

"Onílé wo? Èmi ni onílé. Ẹ tún un tú."

Mo tún un tú. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tún gbá a. Mo tún un tú. Ó tún gbá a. Èmi ń ṣe tèmi lọ́sàn-án, òun ń ṣe tirẹ̀ ní ìdájí, a ò sì rí ara wa sójú. Apá mi wúwo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú òun náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, irin ìtúlẹ̀ rì sínú ilẹ̀, ó sì kọ̀, kò jáde. Katakata fà á títí táyà fi ń rú èéfín. Mo tú u kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Sátidé pé. Àwọn àgbà ẹbí dé, Bàbá Abdulafeez ló ṣáájú wọn. Bàbá yìí ni olórí ẹbí, Oniru ni wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Hameedat, oko dà?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ojú ọwọ̀ tó wà nílẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló ń gbá ibí?"

Àǹtí wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Èmi ni, Bàbá," wọ́n wí.

"O ń gbé ibí?"

"Mò ń gbé ibí."

Àwọn àgbà yòókù mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní ibi tí ọmọ ẹbí ń gbé kò ṣeé tà, kí wọ́n lọ wo òmíràn. Wọ́n ń padà sínú ọkọ̀. Bàbá Abdulafeez ló kẹ́yìn. Wọ́n súnmọ́ Àǹtí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

"Hameedat, kì í ṣe ọwọ́ rẹ nìyí. Mo mọ ọwọ́ tó ń gbálẹ̀ báyìí." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ o ti ní ìwọ ni."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Àǹtí jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti di tiwọn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti fi pákó kan yàrá kan sí àárín rẹ̀, wọ́n sì kó kúrò ní Abraham Adésànyà.

Lẹ́yìn ààwẹ̀, mo padà lọ fa irin mi jáde. Mo tètè lọ kí àwọn tírélà tó dí ọ̀nà, ojú ọjọ́ ò tíì là dáadáa nígbà tí mo débẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojú ọwọ̀ ṣì tutù lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, ẹní wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yìn àgbọn ni mo ti rí wọn, ní ìkọjá ààlà, níbi tí pàǹtí wà. Ewé gbígbẹ, ọ̀rá, èèpo àgbọn, àti Àǹtí Hameedat láàárín wọn, wọ́n ṣù jọ. Mo rò pé wọ́n ti kú. Mo fọwọ́ kan èjìká wọn, wọ́n sì lajú. Kò yà wọ́n lẹ́nu láti rí mi.

"Ilẹ̀ ti mọ́?" wọ́n bi mí.

"Ó ti ń mọ́. Àǹtí, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Inú yàrá ni mo sùn sí." Wọ́n ń yọ ewé kúrò nínú irun wọn díẹ̀díẹ̀. "Mo ti ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń tì í. Ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ máa ń bá ara mi. Nígbà tó yá, ó di àárín ìta. Ní báyìí, ibí ni."

"Ẹ padà sí Abraham Adésànyà."

"Ẹlòmíì ti gba yàrá yẹn."

"Ẹ wá ibòmíì."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀ ju kó bínú lọ. "Ilé bàbá mi nìyí, Bọ̀ọ̀dá Fọlá. Níbo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Mo bá wọn gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn. Ìlà wínníwínní kan náà wà lára aṣọ wọn, láti èjìká títí dé gìgísẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà wọn nínú pàǹtí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà lọ sí yàrá náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró títí wọ́n fi wọlé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.